Ìdánwò Ọjọ́ Kan àti Iṣẹ́ Ojoojúmọ́: Ẹ̀hónú Akẹ́kọ̀ọ́ ní Ilẹ̀ Ìgbómìnà Ọ̀ṣun

Ẹ̀hónú méjì tó jọ pé wọ́n tako ara wọn ni a sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ìwé girama ní Ìlá-Ọ̀ràngún, Òkè-Ìlá, Òrà àti àwọn ìletò tó yí wọn ká. Èkíní ni pé ìdánwò àṣekágbá ń rẹ́ wọn jẹ, nítorí pé wákàtí méjì tàbí mẹ́ta ló fi ń díwọ̀n ohun tí ọmọ fi ọdún mẹ́fà kọ́. Èkejì ni pé iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe láàárín sáà, ìyẹn àwọn ìdánwò kéékèèké, iṣẹ́ àmúrelé, iṣẹ́ ọwọ́ àti iṣẹ́ ìwádìí, èyí tí ìwé ètò ẹ̀kọ́ ń pè ní ìgbéléwọ̀n àtìgbàdégbà, tí àwọn ọmọ fúnra wọn sì gé kúrú sí C.A., ń dá wọn lágara, kò sì jẹ́ kí wọ́n sinmi. Ẹni tó bá gbọ́ méjèèjì pọ̀ lè yára sọ pé iṣẹ́ gan-an ni àwọn ọmọ ìwòyí kò fẹ́ ṣe. Ṣùgbọ́n agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Àwọn tó ti pẹ́ níwájú pátákó ìkọ̀wé mọ̀ pé àwọn ọmọ wọ̀nyí kò sọ ìsọkúsọ, àti pé ohun kan ṣoṣo ló wà ní ìdí ẹ̀hónú méjèèjì: wọ́n ń fi iṣẹ́ sílẹ̀, iṣẹ́ náà kì í padà wá bá wọn.

Kí ọ̀rọ̀ náà tó lè yé ni dáadáa, ó yẹ kí a rántí bí ìdánwò ṣe di ọba lórí ẹ̀kọ́ ní agbègbè yìí. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí àwọn ọmọ àgbẹ̀ àti ọmọ àwọn tó ń dá ẹmu, tí bàbá wọn kò fọwọ́ kan ìwé rí, sì tú yáyá lọ sílé ìwé. Ilé ìwé girama kò pọ̀ tó èrò tó ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀, owó rẹ̀ kò sì kéré, nítorí náà ìdánwò di ẹnu ọ̀nà tóóró tí gbogbo wọn ní láti gbà: ìdánwò ìwé mẹ́fà, ìdánwò àṣewọlé sí girama, àti ní ìparí ọdún karùn-ún, ìdánwò Àjọ Ìdánwò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ìyẹn WAEC, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1952 láti máa ṣe iṣẹ́ tí àwọn aṣèdánwò Cambridge ń ṣe fún wa láti òkè òkun tẹ́lẹ̀. Gbogbo iṣẹ́ tí ọmọ ṣe nínú kíláàsì láti ọdún kìíní títí dé ìkarùn-ún kò ní máàkì kankan nínú ìwé ẹ̀rí tó gbà lọ́wọ́ àjọ náà.

Ọjọ́ kan là ń bàjẹ́, ọjọ́ gbogbo lara ń tini. Àwọn olùkọ́ ìgbà náà kò lè gbàgbé ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń gba ipò kìíní nínú kíláàsì rẹ̀ léraléra, tí ibà sì gbé dè ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò àṣekágbá, tó jẹ́ pé pẹ̀lú ara gbígbóná ló fi kọ ìwé èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ó yege nínú àwọn iṣẹ́ yòókù, ó sì fìdí rẹmi nínú ọ̀kan yẹn. Láìsí kírẹ́díìtì nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, yunifásítì kò ní gbà á, nítorí náà ó ń gba fọ́ọ̀mù lọ́dọọdún, ó ń padà lọ jókòó, ọkàn rẹ̀ sì ti kún fún ìbẹ̀rù débi pé ara rẹ̀ ń gbọ̀n kí wọ́n tó pín ìbéèrè. Láàárín àkókò yìí kan náà, òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní èdè Gẹ̀ẹ́sì lálaalẹ́, tí àwọn kan nínú wọn sì jókòó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí wọ́n yege, tí wọ́n fi í sílẹ̀ lọ sí Ifẹ̀ àti Ìbàdàn. Àwọn olùkọ́ rẹ̀ mọ ohun tó wà ní orí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí wọ́n lè kọ ọ́ sí tí ẹnikẹ́ni yóò kà.

Síbẹ̀, kò ní dára kí a sọ̀rọ̀ ìdánwò bí ẹni pé ìkà lásán ni. Nínú ìlú tó jẹ́ pé ilé ẹni kò jìnnà sí ilé ọ̀gá ẹni, olùkọ́ kì í ṣe àjèjì: ọmọ agboolé kan ni, ìyàwó rẹ̀ ń tajà nínú ọjà kan náà pẹ̀lú ìyá akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ìdílé rẹ̀ àti ti àwọn ọmọ kan nínú kíláàsì jọ ń bọ òrìṣà kan náà nígbà ọdún ìbílẹ̀ tàbí wọ́n jọ ń jọ́sìn ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí kan náà. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Bí olùkọ́ tilẹ̀ jẹ́ olóòótọ́, àwọn ìbátan rẹ̀ kò ní jẹ́ kó gbàgbé ọmọ ta ni ta. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń máàkì ìwé WAEC ní ìlú òkèèrè kò mọ ọmọ ìjòyè yàtọ̀ sí ọmọ ìwọ̀fà. Nọ́ńbà ló rí, ohun tó wà nínú ìwé ló sì máa dájọ́ lé lórí. Ìdí nìyí tí àwọn òbí tí kò ní ẹnìkan lókè fi fọkàn tán ìdánwò náà ju bí àwọn ọ̀mọ̀wé tó ń bu ẹnu àtẹ́ lù ú ṣe rò lọ. Ó tún jẹ́ ààbò fún olùkọ́ pàápàá, nítorí pé nígbà tí àbúrò bàbá rẹ̀ bá wá béèrè ìdí tí ọmọ òun fi fìdí rẹmi, ó lè tọ́ka sí àjọ tó wà ní ọ̀nà jíjìn kí àlàáfíà ẹbí má baà bàjẹ́.

Ìlànà ìjọba àpapọ̀ lórí ètò ẹ̀kọ́, tí wọ́n gbé jáde ní 1977 tí wọ́n sì tún ṣe ní 1981, ló gbìyànjú láti ṣe àtúnṣe. Láti 1982 ni ètò tuntun náà, ọdún mẹ́fà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mẹ́ta ní girama kékeré, mẹ́ta ní girama àgbà àti mẹ́rin ní yunifásítì, ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ múlẹ̀, ìgbéléwọ̀n àtìgbàdégbà sì jẹ́ ọ̀kan nínú òpó rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni pé kí olùkọ́ máa wo ọmọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kì í ṣe nínú ìwé kíkà nìkan, ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ ọwọ́ àti ìwà pẹ̀lú, kó sì tètè rí ibi tí ẹsẹ̀ ọmọ ti ń yọ̀. Igi gọ́gọ́rọ́ má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé, iṣẹ́ àárín sáà gba 40 nínú 100, ìdánwò ìparí sáà sì gba 60 tó kù. Àwọn ọmọ àkọ́kọ́ tó gba ètò náà kọjá jókòó fún ìdánwò àṣekágbá girama àgbà ní 1988, ọdún kan náà tí àwọn ọmọ ilẹ̀ England kọ́kọ́ jókòó fún ìdánwò tuntun tiwọn, GCSE, níbi tí iṣẹ́ àárín ọdún ti kó ipa ńlá. Kì í ṣe ilẹ̀ Nàìjíríà nìkan ló ti sú láti máa fi ọjọ́ kan dá ayé ọmọ lẹ́jọ́.

Kò yẹ kí irú èrò bẹ́ẹ̀ ṣàjèjì ní Ìlá-Ọ̀ràngún, nítorí pé ìlú agbẹ́gilére ni. Níbẹ̀ ni wọ́n bí Làmídì Ọlọ́nàdé Fákẹ́yẹ sí, ọmọ ìdílé tó ti ń gbẹ́ igi láti ìrandíran, tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dé òkè òkun, tó sì kọ́ni ní yunifásítì Ifẹ̀ kó tó jáde láyé ní 2009. Ó ti mọ irin iṣẹ́ dì mú nílé bàbá rẹ̀, síbẹ̀ ní 1949 ó tún lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé ọmọ Aréògún ní Ọyẹ́-Èkìtì fún ọdún mẹ́ta. Àwọn agbẹ́gilére ìhà ibẹ̀ yẹn pín iṣẹ́ sí ìpele mẹ́rin: ọnà lílé, níbi tí wọ́n ti ń la igi sí orí, ara àti ẹsẹ̀ ní gbàràmù-gbaramu, àlétúnlé, níbi tí ojú, ọwọ́ àti etí ti ń yọ, dídán, tí í ṣe mímú ara igi jọ̀lọ̀, àti fínfín, tí í ṣe fífi ọ̀bẹ ya ìlà àti ọnà wẹ́wẹ́ sí i. Ọ̀gá kì í dúró di ìgbà tí ère bá parí kó tó lanu. Ní ìparí ìpele kọ̀ọ̀kan ni yóò gba igi lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́, tí yóò yí i wò sọ́tùn-ún sósì, tí yóò fi irin tirẹ̀ fá ibi tó wú jù, tí yóò sì dá a padà. Ohun tó sọ èyí di ẹ̀kọ́ ni pé igi ṣì nípọn nígbà yẹn, àṣìṣe ṣì ṣeé tún ṣe. Bí ó bá di fínfín kí ọ̀gá tó sọ pé orí ti kéré jù, ìbáwí nìyẹn, kì í ṣe ìkọ́ni mọ́.

Ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ ọwọ́ náà, kò tán síbẹ̀. Ọjọ́ tí ọmọ iṣẹ́ bá máa gba ìyọ̀ǹda, àwọn ọ̀gá mìíràn máa ń wá, wọ́n máa ń wo ohun tó ṣe, wọ́n sì máa ń jẹ́rìí sí i, nítorí pé ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ẹni tó kọ́ ọmọ kò lè dá nìkan jẹ́rìí pé òun kọ́ ọ yé. Nínú ètò ìbílẹ̀ wa nígbà náà, iṣẹ́ ojoojúmọ́ àti ẹ̀rí ọjọ́ kan kì í ṣe ọ̀tá ara wọn, olúkúlùkù ní iṣẹ́ tirẹ̀: ti ojoojúmọ́ wà láti tún ọmọ ṣe, ti ọjọ́ kan wà láti jẹ́ kí àwọn ará ìta gbà pé ó mọ̀ ọ́n. Àṣìṣe ńlá tí a ṣe láti 1982 wá ni pé a gba iṣẹ́ ojoojúmọ́ wọlé, a sì gbé iṣẹ́ ti ọjọ́ kan lé e lórí. A sọ ọ́ di ìdánwò wẹ́wẹ́.

Ẹ wo bó ṣe rí nínú kíláàsì. Olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì kan tó ní kíláàsì mẹ́rin, tí ọgọ́ta ọmọ wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí ìlànà sì ní kó ṣe ìdánwò kékeré mẹ́ta ní sáà kan, yóò ní ìwé ìdáhùn 720 láti kà kó tó kan ìdánwò ìparí sáà. Bí ó bá fẹ́ kọ gbólóhùn kan péré sí ìwé kọ̀ọ̀kan, òru kò ní tó o. Nítorí náà ó ń béèrè ìbéèrè tó rọrùn láti máàkì, ó ń fi ààmì sí i, ó ń kó máàkì sínú ìwé àkọsílẹ̀, àwọn ìwé ìdáhùn sì ń lọ sínú àpótí tàbí sí orí kọ́bọ́ọ̀dù, níbi tí eruku ti ń bò wọ́n. Ọmọ yóò gbọ́ pé òun gba 6 nínú 10. Kò ní mọ ohun tó gba 4 yòókù lọ́wọ́ òun, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni yóò sì tún ṣe àṣìṣe náà gan-an. Kí a má dá olùkọ́ náà lẹ́bi ju bó ṣe yẹ lọ, pàápàá ní àwọn ìletò Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìfẹ́dayọ̀ tí olùkọ́ kan ti lè máa kọ́ iṣẹ́ mẹ́ta pọ̀ nítorí àìtó òṣìṣẹ́. Ṣùgbọ́n kí a má sì tan ara wa jẹ pé ìgbéléwọ̀n àtìgbàdégbà ni a ń ṣe.

Iṣẹ́ ọwọ́ ló tilẹ̀ fi ọ̀rọ̀ náà hàn jù. Ní gbogbo ìparí sáà, wọn a ní kí àwọn ọmọ kékeré mú ìgbálẹ̀, ẹní tàbí agbọ̀n wá fún máàkì. Ìlá kò ṣaláìní ọ̀pẹ, nítorí ìlú tí a mọ̀ mọ́ ẹmu ni, ọmọ ẹni tó ń dá ẹmu sì lè jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, kó máa fá imọ̀, kó máa yọ ọwọ̀ ní ẹyọ ẹyọ, kó dì í, kó fi okùn so ìdí rẹ̀ le, títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi bó. Ọmọ tó jókòó tì í nínú kíláàsì ti ní kí ìyá òun ra tirẹ̀ lọ́jà ní òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn. Olùkọ́ gba ìgbálẹ̀ méjèèjì, ó fún àwọn méjèèjì ní máàkì kan náà, ó kó wọn sí kọ̀rọ̀ ọ́fíìsì. Ọmọ kan wà tó gbé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lọ bá olùkọ́ rẹ̀, tí wọ́n sì lé e jáde pé ó ya aláfojúdi. Ohun tó ń bi í nínú kì í ṣe pé ẹnìkejì rí máàkì gbà. Kò sẹ́ni tó wo ìdì tó di ìgbálẹ̀ tirẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ pé ó le tàbí pé ó dẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tanni jẹ, ṣùgbọ́n ilé ìwé ti fi hàn án pé iṣẹ́ àtẹ́lẹwọ́ kò ní ẹlẹ́rìí.

Bí iṣẹ́ àárín sáà ṣe di ọ̀rọ̀ máàkì nìkan, àwọn tí kò lágbára ló kọ́kọ́ pa lára. Ọmọbìnrin kan wà tó máa ń bá ìyá rẹ̀ ná ọjà káàkiri, tí ọjà sì máa ń bọ́ sí ọjọ́ ilé ìwé nígbà mìíràn. Nínú sáà kan, ìdánwò kékeré méjì ni wọ́n ṣe láìsọ tẹ́lẹ̀ ní ọjọ́ tí kò sí níbẹ̀, òdo ni wọ́n sì kọ sílẹ̀ fún un. Nígbà tí ìdánwò ìparí sáà dé, òun ló mọ iṣẹ́ náà jù, ṣùgbọ́n ìwé èsì rẹ̀ gbé e sí àárín àwọn tí kò mọ nǹkan kan. Ètò tí wọ́n dá sílẹ̀ láti gba ọmọ lọ́wọ́ àjálù ọjọ́ kan ti wá fún àjálù ní ọjọ́ púpọ̀ láti bá a. Àwọn ọlọ́rọ̀ inú kíláàsì rẹ̀, tí kò ṣiṣẹ́ kankan lẹ́yìn ilé ìwé, gba 40 wọn pé.

Ní ìpele àṣekágbá, ìṣòro náà tún wọ aṣọ mìíràn. WAEC ń béèrè máàkì iṣẹ́ àárín sáà lọ́wọ́ ilé ìwé, wọ́n sì ń gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́, ṣùgbọ́n nítorí pé ilé ìwé púpọ̀ máa ń bu máàkì fún àwọn ọmọ wọn bí ẹni bu omi, àjọ náà ní láti fi ìṣirò tún un gbé yẹ̀wò kó tó lò ó. Olùkọ́ tó kọ òótọ́ sílẹ̀ ń bẹ̀rù pé òun ti pa àwọn ọmọ òun lára láàárín àwọn tó bu máàkì. Bí ìdánwò ṣe rí náà kò sàn jù. Láti àwọn ọdún 1970 ni ọ̀rọ̀ ‘ẹ́sípò’, ìyẹn jíjẹ́ kí ìbéèrè jò sóde ṣáájú ọjọ́ ìdánwò, ti wọ ẹnu àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Òfin ológun ti 1984 fi ẹ̀wọ̀n ọdún 21 dẹ́rù bà wọ́n, òfin ti 1999 dín in kù sí ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin fún púpọ̀ nínú ẹ̀ṣẹ̀ náà, síbẹ̀ àwọn òbí ṣì ń sanwó fún ibùdó tí wọ́n ti ń kọ ìdáhùn sójú pátákó. Ìjọba Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀ gbìyànjú ní 2013, lábẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Ráúfù Arẹ́gbẹ́ṣọlá, nígbà tó pín ẹ̀rọ Ọpọ́n Ìmọ̀ fún àwọn ọmọ girama àgbà. Ìwé ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀, ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá WAEC àti ti JAMB, àjọ tó ń ṣe ìdánwò àṣewọlé sí yunifásítì, sì wà níbẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu. Ohun tó dára ni, ó sì ran ọ̀pọ̀ ọmọ tí kò lè ra ìwé lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kò lè ka gbólóhùn tí ọmọ kọ kó sọ ibi tó ti wọ́ fún un.

Àwọn kan yóò sọ pé kí a kúkú padà sí ìdánwò nìkan, níwọ̀n bí ọkàn ti balẹ̀ sí i. Ọdún 2025 kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn dùn lẹ́nu mọ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdún náà, ó hàn gbangba pé àṣìṣe ẹ̀rọ ti ba ìdánwò JAMB àwọn ọmọ 379,997 jẹ́ ní ìpínlẹ̀ Èkó àti ìpínlẹ̀ márààrún gúúsù ìlà-oòrùn, ọ̀gá àgbà àjọ náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Olóyèdé, sì sunkún ní gbangba nígbà tó ń tọrọ àforíjì. Lóṣù kan náà, ìwé èdè Gẹ̀ẹ́sì ti WAEC pẹ́ débi pé àwọn ọmọ ní ibùdó kan fi iná tọ́ọ̀ṣì kọ ọ́ lóru. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ, WAEC kéde pé ìdá 38.32 nínú ọgọ́rùn-ún péré ló rí kírẹ́díìtì márùn-ún tí èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò wà nínú rẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n rí i pé àwọn ti fi ìdáhùn tí kò tọ́ máàkì apá kan nínú ìwé èdè Gẹ̀ẹ́sì, iye náà sì fò sókè di 62.96. Láàárín ìkéde méjèèjì, àwọn ọmọ tí kò ṣẹ̀ ti gbọ́ èébú nílé. Ọmọ ń sunkún pé òun kọ ọ́ dáadáa, kò sì ní ìwé kankan lọ́wọ́ tó lè fi han bàbá rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn tó gbọ́kàn lé ẹnu olùkọ́ nìkan kò ṣe é láìní wàhálà. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹjọ ọdún 2020, lẹ́yìn tí àrùn kòrónà ti ti ilé ìwé pa, àwọn ọmọ Nàìjíríà jókòó nínú gbọ̀ngàn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdánwò WAEC tí wọ́n ti sún síwájú. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ìjọba ilẹ̀ England, tí kò ṣe ìdánwò rárá ní ọdún náà, gbà pé ìṣirò kọ̀ǹpútà tí àwọn fi rẹ máàkì olùkọ́ sílẹ̀ kò tọ́, tí wọ́n sì padà gba ohun tí olùkọ́ kọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ kò jìnnà sí ti Ìlá: a bi olùkọ́ léèrè ohun tó mọ̀ nípa ọmọ, a kò gbà á gbọ́, a sì tún ní láti padà gbà á gbọ́ nítorí pé kò sí ẹlòmíràn tó mọ ọmọ náà.

Foonù ti wá mú ọ̀rọ̀ náà le sí i. Iṣẹ́ ìwádìí tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kó wá lónìí, ilé ìtẹ̀wé kọ̀ǹpútà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tàbí ẹ̀rọ tó ń dá ìwé kọ fúnra rẹ̀ ló kọ púpọ̀ nínú rẹ̀, èdè Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ sì gún régé ju ti olùkọ́ lọ. Oògùn tó wà fún èyí ti pẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tó wà ní Ìlá-Ọ̀ràngún àti ní irú rẹ̀ gbogbo, níbi tí alábòójútó ti máa ń jókòó sẹ́yìn kíláàsì wo ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́, tí yóò sì pè é sí abẹ́ igi lẹ́yìn ẹ̀kọ́ láti sọ ohun tó rí fún un kí ọjọ́ náà tó ṣú. Olùkọ́ tó bá ní kí ọmọ fi ẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé ohun tó kọ yóò mọ̀ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan bóyá tirẹ̀ ni. Bí ó bá sì gbà á láyè láti fi Yorùbá sọ ọ́, ohun mìíràn lè yọjú. Àwọn olùwádìí yunifásítì Ifẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá wà nínú àwọn aṣáájú wọn, ti fi hàn, nínú iṣẹ́ ìwádìí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1970, níbi tí wọ́n ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ yàtọ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún mẹ́fà, pé èdè abínibí kì í dí ọmọ lọ́wọ́ ìmọ̀. Ọmọ àgbẹ̀ kan wà tó gba máàkì tí kò tó nǹkan nínú ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn, tó sì fi Yorùbá ṣàlàyé fún olùkọ́ rẹ̀ bí àrùn ṣe ń mú èso kòkó dúdú ní àsìkò òjò àti bí bàbá rẹ̀ ṣe ń já èyí tó ti bàjẹ́ kúrò kó má baà ran ìyókù. Gbogbo ohun tí ìwé ìdánwò béèrè ló wà lẹ́nu rẹ̀. Kò sí ìdánwò ọlọ́jọ́ kan tó lè gbọ́ ọ, olùkọ́ tó wà níbẹ̀ nìkan ló lè gbọ́.

Ọ̀gá ilé ìwé kan ní agbègbè yìí gbìyànjú ohun kan tó yẹ kí a sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó dín ìdánwò kékeré kù sí ẹyọ kan ní sáà fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ó pàṣẹ pé ìwé ìdáhùn gbọ́dọ̀ padà sọ́wọ́ ọmọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, pẹ̀lú gbólóhùn kan ó kéré tán láti ọwọ́ olùkọ́, kí ọmọ sì tún ibi tó ti ṣìṣe kọ kí wọ́n tó kọ máàkì rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí kò wá lọ́jọ́ ìdánwò yóò ṣe tirẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn. Àwọn olùkọ́ kùn pé iṣẹ́ ti pọ̀ jù, títí wọ́n fi rí i pé ìwé tí wọ́n ń kà kò pọ̀ tó ti tẹ́lẹ̀. Àwọn òbí kan wá bínú pé ilé ìwé ti ń ṣọ̀lẹ, nítorí pé lójú wọn, ìdánwò púpọ̀ ni ẹ̀kọ́. Ní sáà kejì, ìbéèrè àwọn ọmọ yí padà. Àwọn tó máa ń wá bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fi máàkì méjì kún tiwọn bẹ̀rẹ̀ sí í wá béèrè ìdí tí gbólóhùn kan fi wọ́, tàbí ìdí tí ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe ìṣirò kan kò fi tọ́ nígbà tí ìdáhùn rẹ̀ tọ́. Àwọn olùkọ́ tó kùn tẹ́lẹ̀ sọ pé iṣẹ́ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dùn mọ́ wọn ni.

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, wọ́n gbé ọ̀gá náà lọ sí ilé ìwé mìíràn. Ẹni tó rọ́pò rẹ̀ kò rí ìwé àṣẹ kankan láti iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ní Òṣogbo tó sọ pé ìwé ìdáhùn gbọ́dọ̀ padà sọ́wọ́ ọmọ. Èyí tó rí ni pé iye ìdánwò kò pé, ó sì dá a padà sí mẹ́ta. Àwọn alábòójútó tó ń wá láti Òṣogbo máa ń ṣí ìwé àkọsílẹ̀ máàkì wò, wọ́n sì máa ń ka iye ìlà tó kún. Kò gba owó, kò sì gba ẹ̀rọ, fún irú alábòójútó bẹ́ẹ̀ láti pe ọmọ mẹ́ta nínú kíláàsì, kó ní kí wọ́n mú ìdánwò tí wọ́n ṣe kẹ́yìn wá, kó sì ka ohun tí olùkọ́ kọ sí etí ìwé náà.